Owó Tí Màmá Fi Bọ́tà Pa Lára

Ilé Arábìnrin Dulamsuren,
Seoul.
Ó ku díẹ̀ kí Ọdún Oṣù Funfun, ọdún tuntun wa, wọlé.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Tserenkhand,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti rọlẹ̀ díẹ̀? Ṣé ẹ̀ ń bá òtútù ọdún yìí yí i dáadáa, ṣé àwọn ẹran ṣì ń rí koríko họ jáde lábẹ́ yìnyín? Bí ẹ bá bi èmi náà, màá ní a wà, nítorí ẹni tó ṣì ń mí kò gbọdọ̀ sọ pé òun kò sí. Batsuuri, ọkọ mi àti àbúrò yín, ní kí n kí yín. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun ti sanra sí i. Ẹ má gbà á gbọ́.

Ẹ ó máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà bíi ti ayé àtijọ́ nígbà tí fóònù wà. Ẹ̀gbọ́n mi, fóònù yín gan-an ni ìṣòro. Láti ìgbà tí Màmá ti sá fún òtútù wá sọ́dọ̀ yín ní Mandalgovi, kò sí ọjọ́ tí mo pè yín tí ẹ kì í ṣí ohùn fóònù sílẹ̀ fún gbogbo ilé. Màmá á gbé tíì rẹ̀ sún mọ́ ọn, á sì máa dá mi lóhùn kí ẹ̀yin tó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ tí mo bá tẹ̀ ránṣẹ́, á ní kí wọ́n kà á sókè fún òun. N kò bá a wí, ọmọ rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò gbọdọ̀ dé etí rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fi lẹ́tà yìí rán Sandag tó wá ra ọjà níbí, tó sì ń padà sílé, tí mo sì ní kó gbé e fún yín lọ́wọ́ ní ilé ìdáná ilé-ìwé tí ẹ ti ń se oúnjẹ. Ẹ kà á níbẹ̀, kí ẹ sì fi í ran iná. Ẹ má gbé e wọlé.

Ọ̀rọ̀ owó tí a gbé wá ni. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ bá wa ṣẹ́ owó àgùntàn àti ewúrẹ́ wa sí dọ́là ní báńkì tó wà ládùúgbò yín. Ẹ rántí bí àwọn dọ́là náà ṣe tuntun tó, tí wọ́n ń dún ṣarara lọ́wọ́. Ẹ gbé wọn fún Màmá pé kó bá wa tọ́jú wọn di àárọ̀. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé nǹkan kan kì í kúrò lọ́dọ̀ Màmá lọ sí ìrìn àjò láìjẹ́ pé ó fi bọ́tà kàn án: ọmọ tuntun, gàárì tuntun, ọkọ̀ tí àbúrò yín rà lọ́jọ́sí, títí kan tẹlifíṣọ̀n. Ó yẹ kí n ti mọ̀ pé kò ní fojú fo owó dá. Ó fi bọ́tà pa òkè ìdì owó náà àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká, ó súre sí i, ó fi aṣọ sílíìkì aláwọ̀ sánmà wé e, ó wá gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Norjmaa, ohun tó bá kúrò nílé láìjẹun, ebi ni yóò máa pa á lọ́nà. Owó yìí ti jẹun o.”

Nínú òtútù tiwa, bọ́tà náà le bí ọṣẹ. Díẹ̀ ni mo rí lórí dọ́là tó wà lókè pátápátá, mo sì ní màá nù ún tí a bá dé ibi tí a ń lọ. Mo ti ọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ mìíràn, nítorí àbúrò yín ń bì ní gbogbo ọ̀nà pápá òfúrufú.

Ilé Dulamsuren ni a dé sí. Ọmọ ilẹ̀ wa ni, láti ìhà Dornod, ọkùnrin ibí ló fẹ́, ọkùnrin náà sì ti kú fún un. Àwọn ará wa tó ń wá tọ́jú ara ló ń gbà sílé. Ó ń gba owó yàrá, ó ń gba owó ògbufọ̀, ṣùgbọ́n kò gba owó ẹkún, a sì ń sun ún lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Ilé náà mọ́, kò sí bẹ́ẹ̀dì, orí ilẹ̀ ni a ń tẹ́ ibùsùn sí, ilẹ̀ náà sì máa ń gbóná láti abẹ́ wá. Ìgbádùn ni fún egungun mi lẹ́yìn òtútù ilé. Mo fi ìdì owó náà sábẹ́ ibùsùn mi lápá orí, bí a ti ń ṣe nílé, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i. Nígbà tí mo jí láàárọ̀, gbogbo yàrá ń ta sánsán bí ìgbà tí Màmá bá ń dín búrẹ́dì ọdún. Mo rò pé Dulamsuren ló ń dáná. Mo ká ibùsùn. Bọ́tà ti yọ́, ó ti rin owó náà láti orí dé ìdí, ìwọ̀nba díẹ̀ tó wà láàárín gbùngbùn nìkan ló yè.

Ní ọjọ́ náà gan-an ni dókítà sọ fún wa pé kókó inú ẹ̀dọ̀ àbúrò yín ṣì wà níbi tí ọ̀bẹ lè dé. Ó ní bí a bá tètè gé e, yóò yè. Ó ní bí ó bá fi lè dé ibi iṣan ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò fi ọ̀bẹ kàn án mọ́, kí a máa gbé e lọ sílé. Wọ́n dá a dúró sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì fún wa ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Ohun tó kù kò ju kí a san owó àsansílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, yálà owó Kòríà tàbí káàdì. Arábìnrin Gu ni obìnrin tó ń gba owó lójú fèrèsé. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù ní gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, pé n kò rí ẹni bú.

Èmi àti Dulamsuren gba báńkì lọ. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ fi orí ìka mú dọ́là kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbé e sókè sí iná, ó pe ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ náà gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n gba ìwọ̀nba tó gbẹ. Wọ́n ní àwọn kò lè ṣẹ́ èyí tí ọ̀rá ti wọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́, àwọn á bá wa fi ránṣẹ́ sí òkè òkun kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, èsì rẹ̀ á sì gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Mo ní kí Dulamsuren sọ fún un pé kókó kì í dúró de èsì. Dulamsuren ní, “Màá sọ ọ́ o, àmọ́ ọmọ yìí á kàn tẹrí ba ni.” Ó sọ ọ́. Ọmọ náà tẹrí ba.

A kọrí sí ilé gíga tí àwọn ará wa ti ń tajà, níbi tí bàbá kan ti ń ṣẹ́ owó lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ọmọ Kòríà ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́ èdè wa dé ibi èébú. Ó gbóòórùn owó náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìyá ta ló ṣe èyí?” Mo ní ìyá ọkọ mi ni. Ó ní, “Mo mọ̀. Ẹnì kan gbé tiẹ̀ wá lọ́dún tó kọjá, wàrà ni wọ́n wọ́n sí i. Ti wàrà sàn, wàrà máa ń gbẹ.” Ó wá dárúkọ iye tí òun lè san, kò sì tó ìdajì ohun tó yẹ kí owó náà jẹ́. Mo ní, “Bàbá, ṣé ẹ̀ ń ṣẹ́ owó ni àbí ẹ̀ ń digun jà mí lólè?” Ó ní, “Ìyá mi, èmi náà ní láti wá ẹni tí màá tà á fún. Ẹni yẹn náà ní imú.” Mo bínú, mo kó owó mi, mo jáde.

Ìbínú yẹn ló sún mi dé ibi tí mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín, Ẹ̀gbọ́n. Mo pọn omi gbígbóná sínú abọ́, mo fi ọṣẹ ìfọwo fọ dọ́là bí ẹni fọ ìbọ̀sẹ̀ ọmọ, díẹ̀ lára wọn ná, kí n wò ó. Mo sá wọn sórí okùn nínú yàrá, mo fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ wọ́n. Bọ́tà ò lọ tán, àwọ̀ owó ló lọ. Wọ́n rọ̀ jọ́lọ́jọ́lọ́ bí àkísà. Ẹ̀rọ báńkì pọ̀ wọ́n jáde bí wọ́n ti ń kì wọ́n bọ̀ ọ́. Nígbà tí mo wá fi ìtìjú padà lọ bá bàbá abẹ́ àtẹ̀gùn, ó tò wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó ní, “Àwọn tó ní bọ́tà lára yìí, wọ́n ṣì ń ṣàìsàn, mo lè rà wọ́n. Àwọn tí ẹ fọ̀ ti kú.” Mo ta díẹ̀ fún un ní iye tó fẹ́, nítorí àbúrò yín ní láti jẹun, yàrá sì ní owó.

Ẹ ó ní káàdì rẹ̀ ńkọ́, èyí tí owó irun ewúrẹ́ ìgbà ìrúwé wà nínú rẹ̀. Èmi náà ronú kàn án. Batsuuri ti gba abẹ́rẹ́ oorun lọ́jọ́ tí mo bi í ní nọ́ńbà àṣírí rẹ̀. Ó ní ọdún tí ẹṣin rẹ̀ pupa gba ipò kìíní ni. Mo tẹ̀ ẹ́, kò ṣí. Ó ní á jẹ́ pé ti ẹṣin dúdú ni. Kò ṣí. Ó ní kí n tẹ ti ẹṣin bàbá yín, èyí tó já sọ́nù sínú ìjì. Ẹ̀rọ náà gbé káàdì mì. Mo pe báńkì nílé, wọ́n ní ẹni tó ni káàdì ni kó wá fúnra rẹ̀, kó mú pásípọ́ọ̀tù dání, kó sì wá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Mo ní, “Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní Seoul, wọ́n ti ki rọ́bà bọ̀ ọ́ nímú.” Ọmọ tó gbé fóònù náà ní, “Ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn o. Ẹ jẹ́ kó wá lẹ́yìn ọdún.”

Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ṣe kọjá lórí wa. Mo jókòó sí ọ̀nà àbáwọlé ilé ìwòsàn, mo ń wo bí wọ́n ti ń ti aláìsàn mìíràn lọ sí yàrá tó yẹ kó jẹ́ tiwa. Ìyàwó rẹ̀ ń bá a rìn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. N kò ṣe ìlara rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n, mo kàn ń wò ó. Àpò tó wà lẹ́sẹ̀ mi kún fún owó.

Ẹ rántí ìpè tó tẹ̀ lé e, nígbà tí Màmá ní òun fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ òun. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Màmá bi í pé, “Batsuuri, ṣé wọ́n gba owó náà?” Ó ní wọ́n gbà á. Màmá ní, “Ṣé bọ́tà yẹn ràn yín lọ́wọ́?” Àbúrò yín wo ojú mi, ó ní, “Màmá, ó ràn wá lọ́wọ́ gan-an. Obìnrin tó ń gbowó ò tiẹ̀ kà á. Ó kàn gbóòórùn ẹ̀, ó ní owó ilé ire nìyí.” Ẹ gbọ́ bí Màmá ṣe rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí bàbá yín ti kú, n kò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó bi í pé ìgbà wo wá ni iṣẹ́ abẹ, àbúrò yín ní wọ́n sún un síwájú nítorí ọdún àwọn ará ibí, pé àfikún díẹ̀ ni owó náà nílò.

Nígbà tó pa fóònù, mo gbaná jẹ. Mo ní, “Irú irọ́ wo lò ń pa fún ìyá ẹ yìí?” Ó yí ojú sí ògiri. Ó ní, “Norjmaa, kí ni kí n wá sọ? Kí n ní bọ́tà ẹ ló ń pa mí lọ?” Ọ̀rọ̀ náà ti di ká bẹ́ igi, ká bẹ́ èèyàn. Bí a bá sọ òtítọ́ fún Màmá, àìsàn ò ní pa á, ìrònú ni yóò pa á. Bí a kò bá sọ ọ́, kò sí ohun tí yóò dá a dúró.

Kò sì dúró. Ẹ̀yin lẹ pè mí láti sọ pé Màmá ti ta àwọn abo ẹṣin, pé ẹ ti ṣẹ́ owó náà sí dọ́là, pé Sandag ń bọ̀ wá ra ọjà ní Seoul, yóò sì bá wa mú un bọ̀. Orí mi wú, ẹ̀rù sì bà mí lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fẹ́ pariwo pé kí ẹ gba owó náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ bó ti ń fa tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Mo sọ ọ́ ní àsọyípo. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí owó náà wà níbi tó gbẹ.” Ẹ̀yin ò tíì dáhùn tí Màmá fi ní, “Ó wà lọ́wọ́ mi, ọmọ mi. Fọkàn balẹ̀.” Ìgbà yẹn ni mo ti mọ̀.

Kí n má purọ́, mo ṣì ń retí. Arábìnrin Gu ti bá wa bẹ àwọn ọ̀gá rẹ̀, wọ́n sì ti fún wa ní ọjọ́ mìíràn lẹ́yìn ọdún, bí a bá ti lè san ìyókù owó àsansílẹ̀ kí wọ́n tó ti ilé owó ilé ìwòsàn fún ọdún. Mo ń sọ fún ara mi pé bóyá ọwọ́ Màmá ti rẹ̀, bóyá bọ́tà ti tán nílé. Èèyàn tí omi ń gbé lọ kì í yan igi tí yóò dì mú.

Lánàá ni Sandag dé. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹni tó ti jìjàkadì títí ikùn rẹ̀ fi ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó wá bá wa tààrà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó ní, “Ìyá yín ní kí owó yìí má kúrò lára mi. Mo búra fún un. Mo wọ ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ̀, mo wọ bàálù pẹ̀lú ẹ̀, mo sùn pẹ̀lú ẹ̀. Kò kúrò lára mi.” Ó tú bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀. Awọ ikùn rẹ̀ ń dán. Aṣọ sílíìkì náà ti rin gbingbin, ó fi í lé mi lọ́wọ́ bí ẹni gbé ẹja. Ó ní, “Mo rò pé ẹran ni wọ́n fi sí i fún yín.”

Mo tú u. Ẹ̀gbọ́n mi, ti àkọ́kọ́ kò tó nǹkan kan lára èyí. Nítorí ohun tí àbúrò yín sọ fún un, Màmá kò fi mọ sí òkè àti ìsàlẹ̀ mọ́. Ó ti tú ìdì owó náà, ó ti fi bọ́tà pa wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, iwájú àti ẹ̀yìn, ó ti rọra tò wọ́n padà. Mo fojú rí i níbi tó jókòó sí, tí awò ojú rẹ̀ ń yọ̀ bọ́ sí imú, tó ń dárúkọ ọmọ rẹ̀ lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó fò. Èyí tí yóò gbẹ kò sí nínú rẹ̀.

Àbúrò yín bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi wá wò ó. Ó ní kí n fún òun ní ọ̀kan, ó gbé e sí imú, ó di ojú. Ó ní, “Ilé nìyí.” Ojú rẹ̀ ti pọ́n, Ẹ̀gbọ́n, awọ ara rẹ̀ náà ti pọ́n bí bọ́tà, n kò fẹ́ kọ ọ́ ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ó na apá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ dọ́là náà, ó ní, “Wò ó, Sandag, àwọ̀ wa ti dọ́gba. Wọn ò ní gba èmi náà ní báńkì.” Sandag jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹkún ọkùnrin tó tóbi bẹ́ẹ̀ burú létí.

Láàárọ̀ yìí, mo lọ bá Arábìnrin Gu. N kò mú Dulamsuren dání, kò sí ohun tí ògbufọ̀ fẹ́ túmọ̀. Mo kàn gbé owó náà lé orí tábìlì. Ó fọwọ́ kan aṣọ náà, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo mí. Ọ̀la ni wọ́n ń ti ilé owó fún ọdún, tí ọjọ́ wa yóò tún bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó di ọwọ́ mi mú pẹ̀lú bọ́tà náà, ó sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ tí n kò gbọ́, ó wá fún mi ní ọsàn nínú àpò. Mo gbà á. Kí ni ǹ bá ṣe? Mo ń jẹ ẹ́ bí mo ti ń kọ̀wé yìí, ó dùn, ó sì ń bí mi nínú pé ó dùn.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín nìyí. Màmá ti ń sọ̀rọ̀ títa ràkúnmí funfun rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé lẹ́yìn rẹ̀ kò sí ohun títà mọ́. Bí ó bá tà á, ẹ gba owó náà lọ́wọ́ ẹni tó rà á, ẹ má jẹ́ kó wọ ilé. Kó má bá Màmá sùn nínú yàrá kan náà, kódà fún ìṣẹ́jú kan. Mo ti kọ nọ́ńbà àkáǹtì ilé ìwòsàn àti orúkọ àbúrò yín sẹ́yìn ìwé dókítà tí mo fi sínú lẹ́tà yìí. Lọ́jọ́ tí báńkì bá ti ṣílẹ̀kùn lẹ́yìn ọdún, ẹ mú ìwé náà lọ, kí wọ́n fi í ránṣẹ́ tààrà. Mo mọ̀ pé ìyẹn náà ń pẹ́. Mo mọ̀ pé Màmá kò gba owó tí kò lè fọwọ́ kàn gbọ́. Ẹ wá nǹkan sọ fún un. Ẹ fún un ní owó ilé ìdáná kó máa fi bọ́tà pa á, kí ẹ wá kó owó ràkúnmí lọ sí báńkì. Èmi kò ní ọgbọ́n kankan mọ́, ẹ̀yin lẹ kù.

Ní ti àwọn owó ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ wa, mo ti gbé wọn fún báńkì ibí kí wọ́n fi ránṣẹ́ sókè òkun. Wọ́n fún mi ní ìwé rẹ̀. Àbúrò yín ní kí n yọ ọ̀kan sílẹ̀ fún òun, ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀.

Kí Òkè wo ilé yín sunwọ̀n. Kí ọdún tuntun bá yín pẹ̀lú wàrà nínú abọ́ àti ọmọ ẹran lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀. Kí ẹsẹ̀ yín má ṣe tàsé lórí yìnyín. Ẹ bá mi gbé ọwọ́ Màmá lé orí lọ́jọ́ ọdún nítorí ọmọ rẹ̀ tí kò lè wá kí i.

Èmi ni ìyàwó àbúrò yín,
Norjmaa.

Àfikún: Mo ti lẹ lẹ́tà yìí pa, Sandag sì ti ń wọ bàtà, nígbà tí fóònù yín wọlé. Màmá ló bá mi sọ̀rọ̀. Ó bi mí pé ṣé owó ẹlẹ́ẹ̀kejì dé. Àbúrò yín ń sùn, n kò rí ẹni tí màá gbé fóònù fún. Mo ní ó dé. Ó ní wọ́n ńkọ́, ṣé wọ́n gbà á? Mo ní, “Wọ́n gbà á, Màmá. Eléyìí tún yá ju tàkọ́kọ́ lọ.” Ó ní, “Mo fi bọ́tà sí i dáadáa ni.” Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́ ohùn yín lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹ̀ ń sunkún ayọ̀, tí ẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Òkè. Nígbà tí ẹ bá ka èyí, ẹ ó rí i pé ọpẹ́ náà kò ní ìdí. Ẹ dárí jì mí. Ẹ gba ọpẹ́ tiyín padà, ṣùgbọ́n ẹ fi ti Màmá sílẹ̀ fún un.